Ojú Ọmọ Pọ́n! Ṣé Oòrùn Àárọ̀ Ni, Àbí Ọsibítù?

Ọmọ tuntun kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ibi tó ń dùn ún. Ojú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Bí ojú náà bá wá ń pọ́n bí inú ẹyin adìyẹ, tí gbogbo ara ń di pupa rúsúrúsú, ṣé kí ìyá rẹ̀ gbé e sí oòrùn àárọ̀ ni, àbí kí ó gbé e dìde lọ sí ọsibítù? Ìbéèrè yìí ti da ọ̀pọ̀ abiyamọ láàmú. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, nítorí pé ẹ̀mí ọmọ àti ọpọlọ ọmọ ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú ìdílé káfíńtà kan rí ní ìlú Ìbàdàn. Orúkọ wọn kò ní hàn níbí, ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n, àṣírí wọn sì yẹ ní bíbò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn yóò kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n.

Káfíńtà yìí ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá ọ̀nà. Ata àti tòmátì ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Obìnrin ni àkọ́bí wọn. Nígbà tí Ọlọ́run wá fi ọmọkùnrin làǹtìlanti ta wọ́n lọ́rẹ ní alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè kan, inú bàbá ọmọ dùn débi pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi lọ san àsansílẹ̀ owó àtíbàbà àti àga tí wọn yóò lò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ máa lọ sílé. Bí wọ́n ti ń di ẹrù, nọ́ọ̀sì kan tọ̀ wọ́n wá, ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó ní:

“Mọ́mì, ẹ máa wo ojú ẹ̀ dáadáa o. Ẹ máa wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá ti ń pọ́n, ẹ gbé e padà wá bá wa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má wulẹ̀ gbé e sí oòrùn.”

Ìyá ọmọ ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó délé, ilé ti kún.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀ láti Ìsẹ́yìn. Ó gbé ọṣẹ dúdú dání, ó gbé òrí dání, ó sì gbé àpótí aṣọ kan lórí. Ẹ má fojú kékeré wo àpótí yẹn. Aṣọ tí ọmọ-ọmọ mẹ́fà ti wọ̀ kọjá ló wà níbẹ̀: fìlà onírun, ìbọ̀sẹ̀, súẹ́tà, ìbora. Gbogbo rẹ̀ ni ìyá àgbà fọ̀, tó ká, tó sì da káńfọ̀ róbótó funfun sí láàárín, kí kòkòrò àti aáyán má baà jẹ wọ́n. Bí wọ́n ti ṣí àpótí báyìí, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá.

“Òórùn ọmọ tuntun nìyẹn!” ni ìyá àgbà wí, tó ń rẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n wọ aṣọ fún ọmọ, wọ́n sì fi ìbora wé e.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, ọmọ di ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fún un lọ́mú, ni ó bá rí i pé funfun ẹyinjú ọmọ náà ti yí padà. Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí. Ó jọ pé ó ń pọ́n. Nọ́ọ̀sì sì ní tó bá ti pọ́n, ká gbé e padà wá.”

Ìyá àgbà wo ọmọ, ó gbé e sókè, ó tún wò ó.

“Ìyàwó mi, fọkàn ẹ balẹ̀. Bí ojú ọkọ ẹ náà ṣe pọ́n nìyẹn nígbà tí mo bí i ní 1989. Àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà yẹn ló sọ fún mi lẹ́nu ara wọn pé kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Oòrùn ni mo gbé e sí. Ṣé kò yè ni? Òun kọ́ ló ń kan bẹ́ẹ̀dì kiri ìgboro yìí?”

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìyàwó ilé wo ni yóò bá ìyá ọkọ jiyàn lórí ọmọ tuntun? Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló ní kí wọ́n gbé e padà wá. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún, tó ti wẹ ọmọ-ọmọ mẹ́fà, ló ní oòrùn ni. Ìyá ọmọ pa ẹnu mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ọmọ sí oòrùn.

Ẹ wò ó, ìyá àgbà kò purọ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára. Kì í ṣe pé ó kọ ọ̀rọ̀ ọsibítù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọsibítù náà ló ń tẹ̀ lé, ti ọdún 1989 ni.

OLÚKÚLÙKÙ PẸ̀LÚ OÒGÙN TIRẸ̀

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti di dókítà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé ní kí wọ́n máa fún un ní omi gúlúkóòsì mu, pé yóò fi tọ ibà náà dànù. Káfíńtà lọ sí kẹ́mísì, wọ́n ta oògùn ampiclox olómi fún un. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi omi ìbẹ́pẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, pípọ́n náà ti kúrò lójú, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn. Ní Sátidé, ó dé ẹsẹ̀. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú ọmú mọ́. Bí wọ́n bá ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì, oorun yóò sì tún gbé e lọ.

“Ọmọ dáadáa ni,” ni wọ́n ń wí. “Kì í yọ ìyá ẹ̀ lẹ́nu.”

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé, nǹkan yí. Ọmọ náà ké, igbe náà kì í sì í ṣe igbe ọmọ. Ó tínrín, ó ń ga lọ sókè bí ohùn ẹyẹ. Ó tẹ ọrùn sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí ọrun. Gbogbo ilé dákẹ́.

Aránṣọ kan wà nínú ilé yẹn, yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn. Igbe náà ló gbọ́ tó fi jáde. Ó wo ọmọ, ó kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi tí ẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ máa ń bá mi káàánú ẹ̀, bí tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí. Ojú ẹ̀ pọ́n, wọ́n ní kí n gbé e sí oòrùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé e sí oòrùn. Ìgbà tí mo fi máa dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ibà lọ, ó mú ọpọlọ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni lónìí, kò lè dá jókòó, kò sì gbọ́ràn. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ayé ló ṣe é. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti ṣètùtù. Ó pé ọmọ ọdún méje kí dókítà kan tó ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún mi. Ẹ dákun, ẹ gbé eléyìí lọ lálẹ́ yìí. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.”

Káfíńtà dúró, ó ń wolẹ̀. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á. Ẹ̀rù owó ń bà á, torí gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wọ inú ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀rù ọsibítù pàápàá tún ń bà á, nítorí ó ti gbọ́ pé wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ dànù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò dúró gbọ́ àròyé. Ó ti pọn ọmọ, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Owó àtíbàbà ńkọ́?” ni ọkọ ń béèrè.

“Ta la fẹ́ sọ lórúkọ lábẹ́ àtíbàbà ọ̀hún?”

Káfíńtà wọ bàtà.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ RÍ

Dókítà obìnrin ni wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba ọmọ, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi ìka tẹ iwájú orí àti àyà rẹ̀, ó wo èrìgì rẹ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì dé: ibà pọ́njú náà ti ga kọjá ààlà. Wọ́n gbé ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn yóò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n óò máa fa tirẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n óò máa fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba káfíńtà náà rèé. Ó béèrè pé:

“Dókítà, ẹ má bínú. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ máa fà? Ẹ̀jẹ̀ mélòó ni ọmọ ọjọ́ márùn-ún ní?”

Dókítà jókòó, ó ṣàlàyé fún un.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ènìyàn máa ń gbó, yóò sì fọ́, kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó bá ń fọ́, ohun kan tó pọ́n máa ń tinú rẹ̀ jáde, bilirubin ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbá ohun náà jáde kúrò lára, inú ìgbẹ́ ló sì ń bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun dà bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lánàá. Iṣẹ́ tí ọ̀gá ń ṣe ní wákàtí kan, ilẹ̀ lè ṣú bá a lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ tó ju ìdajì lọ fi máa ń pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ti ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyẹn,” ni dókítà wí. “Ti ọmọ kan lọ fúnra ẹ̀, wọ́n á ní oòrùn ló lé e, tàbí gúlúkóòsì. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá pọ̀ ju ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè gbá lọ, yóò kún, yóò wọ inú ọpọlọ. Ibi tó bá sì bàjẹ́ nínú ọpọlọ, kò sí káfíńtà tó lè tún un kàn. Ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ìdọ̀tí yẹn la fẹ́ yára kó kúrò báyìí, kó tó ṣe jù báyìí lọ.”

Káfíńtà gbọ́ èyí, ó yé e. Ó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní kó wá ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n lò. Òun fúnra rẹ̀ ló na apá.

KÁŃFỌ̀ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà pe ìyá ọmọ àti ìyá àgbà. Ó béèrè ohun kan tó ṣe wọ́n ní kàyéfì.

“Ìyá, aṣọ tí ẹ wọ̀ fún ọmọ yìí ń ta òórùn sí mi nímú lánàá. Ṣé káńfọ̀ wà níbi tí ẹ kó o sí?”

Ìyá àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ ni.

Dókítà wá sọ fún wọn pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé G6PD rẹ̀ kò tó. G6PD yìí dà bí ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa fọ́ ní ìfọ́kúfọ̀ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó lè wà ní àlàáfíà títí ayé, kó máa jẹ, kó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn nǹkan kan bá ti kàn án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa fọ́ wàràwàrà. Káńfọ̀ róbótó yẹn wà lára wọn. Òórùn rẹ̀ tí ọmọ ń fà símú àti èyí tó ń gba ara aṣọ wọ àwọ̀ rẹ̀ tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Àjogúnbá ni, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ayé. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè má mọ̀ rárá pé ó wà lára òun. Àwọn ọkùnrin ló sì ń mú jù. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ló ní in. Ìlú Ìbàdàn níbí gan-an ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà ní Ìbàdàn láti 1964 títí di 1974, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa ni ó sì ń yẹ̀ wò. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé kòkòrò ibà ẹ̀fọn kì í fẹ́ gbé inú ẹ̀jẹ̀ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ẹ ò rí i bí? Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà náà ló ń yọ ọmọ tuntun lẹ́nu lónìí.

Kì í ṣe G6PD nìkan ló ń fa ibà pọ́njú tó le o. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ O, tí ti ọmọ jẹ́ A tàbí B, ó lè fà á. Bí oṣù ọmọ kò bá pé kí wọ́n tó bí i, ó lè fà á. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lè fà á. Dókítà nìkan ló lè fi àyẹ̀wò mọ èyí tó jẹ́. Ampiclox tí wọ́n rà ní kẹ́mísì kò lè lé pípọ́n ojú lọ. Omi gúlúkóòsì náà, ńṣe ló ń kún ikùn ọmọ tí kò fi ní mú ọmú, bẹ́ẹ̀ ọmú ló ń mú kó ṣu, ìgbẹ́ yẹn ni ìdọ̀tí náà ń bá jáde.

“ÈWO NI KÁ GBÀ GBỌ́?”

Ìyá àgbà ti ń sunkún. Ó ní òun ló fi ọwọ́ ara òun pa ọmọ ọmọ òun lára. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ni ìyá àgbà bá nu ojú, ó béèrè ìbéèrè tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn:

“Ọmọ mi, ẹ̀yin ará ọsibítù lẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé kí n gbé e sí oòrùn. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n má gbé e sí i mọ́. Lọ́la ńkọ́? Èwo ni ká gbà gbọ́?”

Dókítà kò bínú. Ó ní ìbéèrè gidi ni.

“Ìyá, ẹ ò purọ́, àwọn nọ́ọ̀sì yẹn náà ò purọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń lé ibà pọ́njú lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe dókítà. Jean Ward lorúkọ ẹ̀, ọsibítù Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1956, ó máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé jáde sí atẹ́gùn àti oòrùn. Ó wá rí i pé ibi tí oòrùn bà lára wọn, pípọ́n ibẹ̀ ń lọ. Ibi tí aṣọ bò ò lọ. Ó pe àwọn dókítà wá wò ó. Ní 1958 ni wọ́n kọ ọ́ jáde, tí wọ́n sì fi iná ṣe iṣẹ́ yẹn. Iná tó ń tàn sára ọmọ yín báyìí, ọmọ oòrùn ni.

“Ṣùgbọ́n oòrùn ẹ̀yìnkùlé ò ní ìwọ̀n. Ẹ̀ẹ́ gbé e síta fún ogún ìṣẹ́jú, aṣọ á wà lára ẹ̀, ìkúukùu á bo oòrùn, ẹ̀ẹ́ gbé e wọlé. Iná tiwa ń tàn tọ̀sán-tòru, a ó bọ́ aṣọ ọmọ, a ó bo ojú ẹ̀, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ká lè mọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀. Oòrùn tó bá sì mú jù, á jó ọmọ, á gbẹ omi ara ẹ̀. Àwọn dókítà dán oòrùn wò l’Ékòó níbí, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe bo orí ẹ̀. Ọ̀rá yẹn ń sẹ́ èyí tó ń jóni kúrò nínú oòrùn, ó ń jẹ́ kí èyí tó ń wo ibà kọjá. Ó ṣiṣẹ́ bíi ti iná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí ni ìyá àti ọmọ fi ń jókòó síbẹ̀, nọ́ọ̀sì ń wọn bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyẹn kọ́ lẹni tó tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé ń ṣe.

“Ìyá, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìmọ̀ òun ò ní yí padà láé, ẹ sá fún un. Àwa ń yí padà torí à ń ka iye ọmọ tó yè àti iye tó kú, à ń wo ohun tí a ṣe fún olúkúlùkù. Ọ̀rọ̀ tiwa ti 1989 ò bàjẹ́, ó kàn kéré ni.”

Ìyá àgbà mi orí. Ó ní ó ti yé òun.

Ẹ̀YIN ABIYAMỌ, Ẹ FI SỌ́KÀN

Ìtàn káfíńtà yìí kì í ṣe láti fi dá ìyá àgbà kankan lẹ́bi. Ọgbọ́n àgbà ló ń tọ́ ọmọ dàgbà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀.

Èkíní: kí á máa wo ojú ọmọ, èrìgì rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Bí ọmọ bá dúdú, kí á fi ìka tẹ imú tàbí iwájú orí rẹ̀, kí á wo àwọ̀ ibẹ̀ nígbà tí a bá gbé ìka kúrò.

Èkejì: bí ojú ọmọ bá pọ́n kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bí i, kò sí pé kí á dúró wò ó. Ọsibítù ni tààrà. Bí ó bá pọ́n lẹ́yìn èyí náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ yẹn gan-an. Bí pípọ́n náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sí ikùn àti ẹsẹ̀, ó ń pọ̀ sí i ni. Ọmọ tí kò mú ọmú, tó ń sùn jù, tí igbe rẹ̀ yí padà, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká, kí ẹnikẹ́ni má dúró wá owó kí ó tó gbé e lọ.

Ẹ̀kẹta: kí káńfọ̀ má ṣe wọ inú ilé tí ọmọ tuntun wà, ì báà ṣe nínú àpótí, ì báà ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà kì í fẹ́ kí á fi ìpara tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí pa ìdodo ọmọ tàbí àwùjẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin: ọmú ìyá nìkan. Kí á máa fún un lọ́mú tó ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Bí ó bá ń sùn, kí á jí i.

Ìkarùn-ún, òun ló sì gba ọgbọ́n jù: kí á má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù kí á kàn máa mi orí. Kí á béèrè. Kí lẹ rí? Kí lẹ fẹ́ ṣe? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a ò bá ṣe é? Ìgbà wo ni ká tún gbé e wá? Bí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá fi ojú lásán wo ọmọ, tó ní kò sí nǹkan, kí á gbé e sí oòrùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.” Bí wọn kò bá ní ohun àyẹ̀wò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tó wà. Ẹni tó béèrè kò ṣe àfojúdi. Káfíńtà yẹn béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀, ìdáhùn tó gbọ́ ló jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé.

ỌJỌ́ ÌSỌMỌLÓRÚKỌ

Ọjọ́ kẹjọ pé sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kò sí àtíbàbà, kò sí ìlù. Ẹni tó ni àtíbàbà ti dá ìdajì owó padà, wọ́n ti fi san owó àyẹ̀wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pípọ́n ti wálẹ̀ gan-an, ọmọ sì ti ń fa ọmú. Ìyá àgbà tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó wo ojú ọmọ bóyá yóò ṣẹ́jú. Ó tún pè é, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó.

Ọmọ náà ń sùn.

Dókítà ti sọ fún wọn pé wọn yóò yẹ etí rẹ̀ wò kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọn yóò sì máa wo bó ṣe ń gbé ọrùn dúró àti bó ṣe ń jókòó. Wọ́n fún wọn ní ìwé tí wọ́n kọ G6PD sí. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ìwé náà han gbogbo dókítà àti kẹ́mísì kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùnkóògùn, nítorí oògùn ibà bíi primaquine àti àwọn kan nínú oògùn onísúfà lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá àgbà kó gbogbo káńfọ̀ inú àpótí, ó dà wọ́n sínú ihò jíjìn lẹ́yìn ilé. Ó tún gbogbo aṣọ fọ̀, ó sá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Aránṣọ ló bá a sá wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá náà sì wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnìkan tó ń kọjá lọ bi ìyá àgbà léèrè pé ṣé oòrùn ọ̀hún kò tíì tó ni.

“Aṣọ ni mo sá,” ni ìyá àgbà dá a lóhùn. “Ọmọ wà ní yàrá.”

Etí ọmọ náà ni gbogbo wọn ń dúró de àyẹ̀wò rẹ̀ báyìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Abiyamọ tí ojú ọmọ rẹ̀ ti pọ́n rí, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un àti ohun tí ó ṣe ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà, ẹlòmíràn lè fi là.